Jíìnì àti Sìgá Nínú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa ènìyàn jù nínú gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ tó wà láyé. Lọ́dún 2022, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 ènìyàn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 ló sì bá a lọ. Sìgá ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mu sìgá ni àrùn yìí ń mú, àwọn tí kò fi sìgá kan ẹnu rí náà sì wà lára àwọn tó ń mú. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí, wọ́n sì ti rí apá kan rẹ̀ nínú jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí bàbá àti ìyá kọ sínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ kí wọ́n tó bí i: bí awọ rẹ̀ yóò ṣe rí, bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ṣe máa fọ májèlé, bí ara rẹ̀ yóò ṣe máa tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá bàjẹ́.

Ẹni tó bá ti gba amusìgá nímọ̀ràn rí yóò ti gbọ́ ìdáhùn kan tó máa ń yá wọn lẹ́nu: bàbá àgbà àwọn fa sìgá títí ó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ikọ́ lásán kò ṣe é. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, n kò sì ní pe ẹni tó sọ ọ́ ní onírọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka iye wọn. Nínú 100 ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń mu sìgá láìjáwọ́, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yóò pa nǹkan bíi 16 kí wọ́n tó pé ẹni ọdún 75, bí àrùn mìíràn kò bá kọ́kọ́ pa wọ́n. Nínú 100 tí kò mu ún rí, kò tó ẹyọ ẹnì kan. Ìṣirò tí Richard Peto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2000 nìyẹn. Àwọn 84 tó kù kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ sìgá, nítorí àrùn ọkàn wà, rọpárọsẹ̀ wà, èémí tí kì í délẹ̀ mọ́ náà wà. Ó kéré tán, ìdajì àwọn tí kò jáwọ́ nínú sìgá ni sìgá náà ń pa níkẹyìn. Bàbá àgbà tó yè é ni gbogbo ìdílé ń rí tọ́ka sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò dé ọjọ́ ogbó kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní jíìnì ló jẹ̀bi

Lọ́dún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 20 ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Doll bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì àti èéfín ọkọ̀ ló fura sí. Nínú 649 ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, méjì péré ni kì í mu tábà. Kí iṣẹ́ náà tó parí, Doll fúnra rẹ̀ ti pa sìgá tì. Lọ́dún kan náà ní Amẹ́ríkà, Ernst Wynder àti Evarts Graham rí ohun kan náà. Graham yìí ni oníṣẹ́ abẹ tó kọ́kọ́ yọ odindi apá kan ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn jẹjẹrẹ kúrò tí aláìsàn náà sì yè, lọ́dún 1933. Òun náà ń mu sìgá púpọ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa á lọ́dún 1957.

Ẹni tó dìde ta ko ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ronald Fisher ló gbé ọ̀pọ̀ nínú ìlànà ìṣirò tí sáyẹ́ǹsì ń lò títí dòní kalẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ àjogúnbá ìgbàlódé lélẹ̀. Ó ń mu páìpù, ó sì jẹ́ olùdámọ̀ràn fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe sìgá. Láàárín 1957 sí 1958, ó kọ̀wé pé jíìnì kan lè wà tó ń mú ènìyàn fẹ́ràn sìgá, kí jíìnì kan náà sì máa fa jẹjẹrẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni sìgá àti jẹjẹrẹ. Èkíní kọ́ ló bí èkejì.

Jerome Cornfield àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò dá a lóhùn lọ́dún 1959. Wọ́n ní bí ewu àwọn amusìgá bá jẹ́ ìlọ́po 9 ti àwọn tí kì í mu ún, tó sì jẹ́ pé jíìnì kan tó fara pamọ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, jíìnì ọ̀hún gbọ́dọ̀ wọ́pọ̀ láàárín amusìgá ní ìlọ́po 9, ó kéré tán, ju bó ṣe wà láàárín àwọn yòókù lọ. Kò sí ẹni tó rí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ rí. Láfikún, láàárín ìran kan sí méjì ni àrùn tó ṣọ̀wọ́n yìí di àrùn tó ń pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ jíìnì odindi orílẹ̀-èdè kì í yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú sìgá, ewu rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Jíìnì kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè jáwọ́ nínú rẹ̀.

Fisher kú lọ́dún 1962. Ní January 1964, olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà, Luther Terry, kéde fún gbogbo ayé pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Fisher ti ṣìnà lórí ohun tó ṣe pàtàkì jù, ìṣìnà rẹ̀ sì fún àwọn tó ń ta sìgá ní ọ̀rọ̀ sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé jíìnì kan lè kan ìfẹ́ sìgá kí ó sì kan jẹjẹrẹ pẹ̀lú, padà wá ṣẹ lẹ́yìn 50 ọdún, lọ́nà tí kò rò.

Ẹ̀rí àwọn ìbejì

Fisher ti mú ìbejì wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó rí i pé ìbejì ẹyin kan, àwọn tí jíìnì wọn kò yàtọ̀ síra, máa ń jọra nínú ọ̀rọ̀ sìgá ju ìbejì ẹyin méjì lọ. Òótọ́ nìyẹn, àjogúnbá ń kó ipa nínú bóyá ènìyàn yóò mu sìgá àti bóyá yóò lè jáwọ́. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìbejì tó pọ̀ tó, tí ọ̀kan mu sìgá tí èkejì kò mu ún, kí a lè wo ẹni tí jẹjẹrẹ mú nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn ará àríwá Yúróòpù ní in. Dẹ́nmárkì, Fínlándì àti Swídìn ti ń kọ orúkọ ìbejì wọn sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí jẹjẹrẹ bá mú. Iṣẹ́ tó jáde lọ́dún 2017 wo ìbejì tó lé ní 115,000. Níbi tí ọ̀kan ti ń mu sìgá tí èkejì kò mu ún, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń mu ún tó ìlọ́po 5 ti èkejì, kódà láàárín ìbejì ẹyin kan. Bàbá kan, ìyá kan, ẹyin kan, jíìnì kan. Ṣùgbọ́n Táyé tó ń mu sìgá ni àrùn ń wá, ó ń fi Kẹ́hìndé tí kò mu ún sílẹ̀. N kò mọ ìdáhùn mìíràn tó tún lè ṣe kedere ju èyí lọ fún Fisher. Iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ara ìbejì ilẹ̀ àríwá kan náà ṣe lọ́dún 2016 ṣírò pé nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn nípa ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ló wá láti inú àjogúnbá. Ìdá yẹn kì í ṣe òfo, ṣùgbọ́n ó kéré sí ti jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹṣẹ́ ìsàlẹ̀ àpòòtọ̀ ọkùnrin.

Àwa Yorùbá la ní ìbejì jù láyé, ó sì lè ya ẹnìkan lẹ́nu pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá ẹ̀rí yìí. Ìbejì ẹyin méjì ló pọ̀ jù nínú tiwa, àwọn tí jíìnì wọn kò jọra ju ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán lọ. Ìbejì ẹyin kan lọ́dọ̀ wa kò pọ̀ ju bó ṣe wà níbòmíràn lọ.

Kúrómósóòmù 15

Ní April 2008, ẹgbẹ́ olùwádìí mẹ́ta gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà: deCODE ní Íslándì, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, àti ilé ìwòsàn MD Anderson ní Houston. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oko tí wọ́n ro, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n já sí. Lórí kúrómósóòmù 15, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì tò sí, jíìnì mẹ́ta wà tó tò tẹ̀lé ara wọn, CHRNA5, CHRNA3 àti CHRNB4. Àwọn ló ń ṣe ilẹ̀kùn tí nikotíìnì máa ń kàn lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ẹni tó bá jogún ẹ̀dà oníyàtọ̀ kan níbẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ju ti amusìgá tí kò ní i lọ. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ó fi nǹkan bí ìdá 70 sí 80 jù ú lọ.

Nínú bí wọ́n ṣe kọ CHRNA5, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí lẹ́tà kan ń ṣe pọ̀. Ibi kékeré kan wà nínú ọpọlọ tó ń sọ fún ènìyàn pé nikotíìnì ti tó, pé bó bá ju báyìí lọ, òòyì àti èébì ló kàn. Christie Fowler, Paul Kenny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Scripps ní Flọ́rídà gbé ìdánwò kan jáde lọ́dún 2011 tí wọ́n fi eku ṣe. Eku tí ara rẹ̀ pé máa ń fi nikotíìnì sílẹ̀ bó bá ti ń le jù. Eku tí wọ́n yọ jíìnì yìí kúrò lára rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ó ń gbà á lọ ni. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ fa sìgá, tí ojú rẹ̀ ń pòòyì tí inú rẹ̀ ń rú, kí ó mọ̀ pé ìkìlọ̀ ara ni ọjọ́ náà. Lára àwọn tó jogún ẹ̀dà oníyàtọ̀ yìí, ohùn tó ń kìlọ̀ ọ̀hún kò dún tó bó ṣe yẹ.

Àríyànjiyàn dìde láàárín ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ará Íslándì ní tìtorí sìgá tí jíìnì náà ń mú ènìyàn mu ni jẹjẹrẹ fi ń wá. Àwọn méjì tó kù rò pé ó lè kan ẹ̀dọ̀fóró tààrà, nítorí pé nígbà tí wọ́n fi iye ẹyọ sìgá tí oníkálukú ń mu lójúmọ́ sínú ìṣirò, ewu náà ṣì kù. Kókó ọ̀rọ̀ wà nínú bí a ṣe ń ka sìgá. Ẹni méjì lè sọ pé ẹyọ 20 làwọn ń mu lójúmọ́, kí ọ̀kan máa fà á wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ó dì í mú síbẹ̀, kí ó mu ún dé ìdí. Kí èkejì sì máa tú èéfín rẹ̀ dànù láti ẹnu. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi ẹyọ kíkà sílẹ̀, tí wọ́n ń wọn kotiníìnì, ohun tí nikotíìnì ń dà nínú ara, wọ́n rí i pé ẹni tó ní ẹ̀dà oníyàtọ̀ náà ń gba èéfín sára ju iye ẹyọ tó kà lọ. Láàárín àwọn tí kò mu sìgá rí, ẹ̀dà yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohunkóhun. Jíìnì tí Fisher ń wá wà nígbà náà, ṣùgbọ́n àárín sìgá ló gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ.

Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀

Nikotíìnì kọ́ ni olórí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ nínú sìgá. Òun ni okùn tó so ènìyàn mọ́ àwọn májèlé yòókù. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú okùn náà, ènsáìmù kan (èròjà tí ara fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀) tí jíìnì CYP2A6 ń pèsè ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Lára àwọn kan, ènsáìmù yìí yára: sìgá kan kò tíì tutù lọ́wọ́ tán tí ara ti ń bèèrè òmíràn. Lára àwọn mìíràn, ó ń fà, nikotíìnì ẹyọ kan ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹyọ tí irú wọn ń mu lójúmọ́ kì í pọ̀ tó ti ẹgbẹ́ wọn, jíjáwọ́ kì í nira fún wọn tó bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró náà kì í sì í mú wọn tó àwọn tí tiwọn yára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Jàpáánì ló ní ẹ̀dà tó lọ́ra, àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ ní jíìnì náà rárá.

Ìmọ̀ yìí ti ń wúlò. Lọ́dún 2015, Caryn Lerman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe lára amusìgá tó lé ní 1,200 tó fẹ́ jáwọ́. Fún àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ń tú nikotíìnì kíákíá, oògùn oníhóró tí ń jẹ́ varenicline ràn wọ́n lọ́wọ́ ju bébà nikotíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ lọ. Fún àwọn tí tiwọn lọ́ra, bébà náà ṣe dáadáa bíi ti oògùn, ara kò sì ni wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènsáìmù mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Benzo[a]pyrene, ohun tó máa ń jáde nígbà tí ewé tàbí igi bá ń jóná, kò lè lẹ̀ mọ́ DNA, ohun tí a fi kọ jíìnì, bó ṣe wọlé. Ara fẹ́ sọ ọ́ di ohun tí omi lè ṣàn jáde, ènsáìmù CYP1A1 sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Lójú ọ̀nà, kí iṣẹ́ tó parí, ó ń di ohun tó burú ju bó ṣe wọlé lọ. Ó yẹ kí ènsáìmù GSTM1 wà níbẹ̀ láti gbé e jáde, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ Yúróòpù ni kò ní jíìnì GSTM1 rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé níbí ni wọn yóò ti rí olórí ìdáhùn. Ohun tí wọ́n rí kéré.

Ohun tí èéfín ń kọ

Jíìnì tí a jogún jẹ́ ọ̀kan, jíìnì tí èéfín bàjẹ́ jẹ́ òmíràn, àwọn ènìyàn sì máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Nígbà tí dókítà bá sọ pé jẹjẹrẹ ẹnìkan ní àyípadà nínú jíìnì KRAS tàbí EGFR, kò sọ pé aláìsàn náà jogún un, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní torí rẹ̀ wà nínú ewu. Inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni àṣìkọ náà ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí a ti bí i, ibẹ̀ náà ló sì mọ. Àyípadà KRAS ló wọ́pọ̀ lára àwọn amusìgá. Ti EGFR wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò mu sìgá rí, pàápàá àwọn obìnrin ìlà oòrùn Éṣíà. Dókítà ń wá wọn nítorí pé oògùn tó bá ọ̀kan mu kò bá èkejì mu.

Èròjà tó wà nínú èéfín sìgá lé ní 7,000, nǹkan bíi 70 nínú wọn ni a mọ̀ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Lọ́dún 1996, Mikhail Denissenko, Gerd Pfeifer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn da ohun tí benzo[a]pyrene ń dà nínú ara sórí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì wo ibi tó lẹ̀ mọ́ lórí jíìnì TP53. Jíìnì yìí dà bí ọlọ́dẹ: bí DNA sẹ́ẹ̀lì kan bá bàjẹ́, ó ń dá a dúró kí ó má bímọ, tàbí kí ó pa á. Ojú ibi tí májèlé náà lẹ̀ mọ́ ni ojú ibi kan náà tí TP53 máa ń bàjẹ́ sí nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn amusìgá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ìka olè lára ilẹ̀kùn. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Sanger nítòsí Cambridge ka gbogbo DNA jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì rí àṣìkọ tó lé ní 22,000. Wọ́n ṣírò pé ẹyọ sìgá 15 ń fi àṣìkọ kan sílẹ̀. Ìṣirò Ludmil Alexandrov àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2016 fi hàn pé ẹni tó bá mu páálí kan lójúmọ́ fún ọdún kan yóò ní nǹkan bí àṣìkọ 150 nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró kọ̀ọ̀kan.

Ara ń tún àṣìkọ ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò dọ́gba. Lọ́dún 2022, Simon Spivack, Jan Vijg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York ka àṣìkọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró àwọn amusìgá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí sìgá ṣe ń pọ̀ ni àṣìkọ ń pọ̀, títí ó fi dé ìwọ̀n páálí kan lójúmọ́ fún ọdún 23. Lẹ́yìn ibẹ̀, àṣìkọ àwọn tó mu jù kò lọ sókè mọ́. Àwọn olùwádìí náà rò pé àwọn tó lè mu sìgá tó báyẹn kí jẹjẹrẹ má mú wọn ní láti jẹ́ àwọn tí ara wọn mọ àtúnṣe DNA ṣe ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó ṣeé ṣe kí bàbá àgbà tí gbogbo ìdílé ń tọ́ka sí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àmọ́ kò sí ohun tó fi dá ọmọ-ọmọ lójú pé òun jogún ọwọ́ àtúnṣe náà, nítorí jíìnì bàbá àgbà kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin jíìnì ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

Bí àrùn bá wà nínú ìdílé

Lọ́dún 1963, George Tokuhata àti Abraham Lilienfeld fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa àwọn ìbátan aláìsàn ju bó ṣe ń pa ẹlòmíràn lọ, ìbáà jẹ́ àwọn tó ń mu sìgá nínú wọn tàbí àwọn tí kì í mu ún. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní in, ewu tirẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀ ti ẹni tí kò sí nínú ìdílé rẹ̀. Kì í ṣe jíìnì nìkan ló wà nínú iye yẹn. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń fa èéfín ara wọn símú, ọmọ tó sì rí sìgá lẹ́nu bàbá rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó fi sẹ́nu tirẹ̀.

Àwọn jíìnì kan wà tó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n le. Ẹ̀dà BRCA2 kan, jíìnì tí a mọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ọmú, ń sọ ewu oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìwádìí tó fi èyí hàn jáde lọ́dún 2014. Àwọn mìíràn jogún TP53 tó ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ òbí wọn, ọlọ́dẹ tó ti ń sùn kí olè tó dé. Jẹjẹrẹ oríṣiríṣi ń mú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wò wọ́n, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń mu sìgá nínú wọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ará ilé wọn tó ní jíìnì kan náà ṣùgbọ́n tí kì í mu sìgá. Lọ́dún 2004, ẹgbẹ́ kan tó tọ ìdílé tí àrùn náà pọ̀ sí lọ rí ibì kan lórí kúrómósóòmù 6. Lára àwọn tó jogún ibẹ̀, sìgá díẹ̀ pàápàá ti ń gbé ewu sókè gan-an. Fún irú ìdílé wọ̀nyí, kò sí ohun tó ń jẹ́ sìgá kan péré.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn

Ara àwọn ọmọ Yúróòpù ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ ohun tí mo sọ sókè yìí, kò sì yẹ ká gbé gbogbo rẹ̀ wálé bó ṣe wà. Ẹ̀dà oníyàtọ̀ inú CHRNA5 tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù ṣọ̀wọ́n gan-an ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. A mọ èyí nítorí iṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ láti fi kọ ìwé àfiwé jíìnì ọmọ ènìyàn: Yútà ní Amẹ́ríkà, Bẹijíìnì, Tókíyò, àti Ìbàdàn, níbi tí àwọn Yorùbá 90 (bàbá, ìyá àti ọmọ láti ilé 30) ti fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. Títí dòní, bí onímọ̀ kan níbikíbi láyé bá fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn yìí wà lára ohun tí yóò kọ́kọ́ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má wá torí èyí rò pé ara aláwọ̀ dúdú le ju sìgá lọ. Lọ́dún 2006, Christopher Haiman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí ènìyàn tó lé ní 183,000 ní Hàwáì àti Kalifọ́níà. Láàárín àwọn tí sìgá tí wọ́n ń mu lójúmọ́ kò ju 30 lọ, ewu àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àti ti àwọn onílẹ̀ Hàwáì ga ju ti àwọn aláwọ̀ funfun àti ti àwọn tó ti Jàpáánì ṣẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún wọn nikotíìnì tó wọ ara, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ń fa ohun tó pọ̀ jù nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìbàdàn kan náà tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìgá ti wà láti ọdún 1937, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn sì gbin tábà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2012, àwọn àgbàlagbà tó ń lo tábà kò ju 5.6 nínú 100 lọ. Iye náà kéré, inú mi sì dùn sí i. Lọ́dún 2015 ni òfin tó ń ṣàkóso tábà di òfin ní Nàìjíríà. Ibi tí sìgá ò bá ti pọ̀, jíìnì tó ń bá sìgá ṣiṣẹ́ kì í rí iṣẹ́ ṣe.

Àyẹ̀wò àti jíjáwọ́

Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, tí wọ́n ṣe lára àwọn amusìgá àti àwọn tó ti jáwọ́ tó lé ní 53,000, fi hàn pé yíya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró lọ́dọọdún pẹ̀lú ẹ̀rọ CT tí ìtànṣán rẹ̀ kò pọ̀ ń dín ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù ní ìdá 20 nínú 100. Láti 2021, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń tẹ̀lé níbẹ̀ ni pé kí ẹni ọdún 50 sí 80 tó bá ti mu tó páálí kan lójúmọ́ fún ọdún 20 máa ṣe é, bó bá ṣì ń mu ún tàbí tó jáwọ́ láàárín ọdún 15. Ọjọ́ orí àti iye sìgá ni wọ́n fi ń yan ènìyàn; jíìnì kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá san owó fún àyẹ̀wò jíìnì, tí wọ́n sì sọ fún un pé kò ní ẹ̀dà oníyàtọ̀, kò tíì gba ìwé àṣẹ láti mu sìgá. Jẹjẹrẹ ń mú àwọn tí kò ní i náà.

Ní ti jíjáwọ́, ìṣirò Peto ọdún 2000 tún sọ nǹkan. Ọkùnrin tó bá jáwọ́ ní ẹni ọdún 60, ewu 16 nínú 100 yẹn di nǹkan bíi 10. Ní 50, ó di 6. Ní 40, ó di 3. Ní 30, kò tó 2. Ẹgbẹ́ Laura Bierut ní St. Louis wá béèrè lọ́dún 2016 bóyá jíjáwọ́ ń ran àwọn tó jogún ẹ̀dà CHRNA5 tó léwu lọ́wọ́. Wọ́n kó ìwádìí 24 pọ̀. Jẹjẹrẹ ń yọjú lára àwọn tó ní ẹ̀dà náà ní nǹkan bí ọdún 4 ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáwọ́, bó ní in bó kò ní in, ewu rẹ̀ ń dínkù, bí àrùn náà bá sì máa wá, nǹkan bí ọdún 7 ni ó fi ń pẹ́ sí i.

Lọ́dún 2020, àwọn oníṣègùn Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn onímọ̀ Sanger ka DNA sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ojú ọ̀nà èémí ènìyàn 16. Lára àwọn tó ṣì ń mu sìgá, ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì náà kún fún àṣìkọ. Lára àwọn tó ti jáwọ́, wọ́n bá sẹ́ẹ̀lì tí DNA wọn mọ́ bíi ti ẹni tí kò fa sìgá rí. Lára àwọn kan nínú wọn, sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó 40 nínú 100. Sẹ́ẹ̀lì tí èéfín ti bàjẹ́ kọ́ ló tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn tí kò bàjẹ́ ló ń bímọ, tí àwọn ọmọ wọn sì ń gba ilẹ̀ padà, nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún.